Ìṣẹ́jú Kan Tó Ṣẹ́kù Lórí Téèpù: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà Àṣà ní Kútọnu

Ẹ̀yin Mínísítà wa tí ẹ ń bójú tó àṣà àti iṣẹ́ ọnà, àti ẹ̀yin ọ̀gá tí rédíò ìjọba wà níkàáwọ́ yín,

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún rédíò ṣe ní Gbégàmẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun rí téèpù ńlá kan láàárín ẹrù tí ilé iṣẹ́ rédíò kan kó dànù, pé orúkọ mi wà lára páálí rẹ̀, wọ́n ti fi báírò fa igi lé e lórí, àmọ́ ó ṣì ṣeé kà. Mo gun alùpùpù zémìjàn lọ bá a. Ó ti gbé téèpù náà sórí ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, a sì jókòó tì í. Ìkéde òkú la kọ́kọ́ gbọ́: ìdílé báyìí ń fi ikú ìyá wọn tó gbogbo ẹbí àti àna létí, ìsìnkú di ọjọ́ Sátidé, kí àwọn tó wà ní Pọ́bẹ̀ àti Ìlárá gbọ́ o. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú tí a fi ń gbọ́ ìkéde òkú. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ẹ̀rọ náà ta pó lẹ́ẹ̀kan, ohùn obìnrin kan sì jáde, ó ní: "Ẹ má tíì tilẹ̀kùn. Ọmọ mi wà lọ́nà." Ẹsẹ̀ ń rìn bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó ń súnmọ́, ó dúró. Ìlù wọlé, ó parí. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ohun tó ṣẹ́kù nìyẹn nínú eré tí mo kọ ní èdè Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa níbí, tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta múra rẹ̀, tó gùn tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Wọ́n gbohùn ìkéde òkú lé e lórí. Ìkéde kò gùn tó eré, bẹ́ẹ̀ ni ìparí eré náà ṣe yè.

Ìyá tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti di ará ọ̀run. Àkàsà ló ń tà, kò kàwé rí. Bí a bá fẹ́ gbohùn sílẹ̀, èmi a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i létí, òun a sì sọ ọ́ jáde lọ́nà tó fi máa ń dà bíi pé èmi ni mo ṣì í kọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní ohùn ìyá wọn níbì kankan. Fọ́tò wà, aṣọ wà. Nígbà tí mo gbé ìṣẹ́jú kan yẹn lọ fún àgbà inú àwọn ọmọ náà lórí fóònù mi, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Kì í ṣe torí ìbẹ̀rù. Ohun tí wọ́n ṣe, àwọn tó jù wọ́n lọ ti ṣe é rí. Téèpù wọ́n, owó ò sí, ìkéde òkú ló ń mówó wọlé, eré kì í mówó wọlé. BBC tó lówó tó báyẹn náà nu téèpù tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, títí kan eré Doctor Who tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn bí ojú, àbámọ̀ rẹ̀ kò sì tíì tán lára wọn títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́: àwọn ọmọdé tó ti fi rẹkọ́dà gba ohùn eré náà sílẹ̀ nínú pálọ̀ bàbá wọn ni wọ́n kó o jáde nígbà tí wọ́n dàgbà. Àwòrán púpọ̀ ló lọ láìpadà, àmọ́ ohùn eré náà kò sọnù.

Pọ́bẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Rédíò kan ṣoṣo ló wà ní agbo ilé wa, bàbá mi ló ni ín, òun nìkan ló sì ń fọwọ́ kàn án. Rédíò Kútọnu ti wà láti ọdún 1953, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́, bàbá mi a yí ọwọ́ rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, nítorí Yorùbá ló fẹ́ fi sùn. Adébáyọ̀ Fálétí wà lára àwọn tó kọ́ wa ní Yorùbá láìmọ̀ wá rí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í ṣe ti orí rédíò nìkan. Nígbà tí wọ́n dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ó wà lára àwọn tí wọ́n fi sídìí ìtọ́jú fíìmù. Akéwì ni, òǹkọ̀wé eré ni, asọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ni, ó sì mọ àpótí tí fíìmù wọn ń sùn sí. Títí ó fi kú ní 2017, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í pé èwo gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi ń kí mi.

Iṣẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀gá, etí ni. Ẹni tí kò bá ṣe eré rédíò rí lè rò pé kíka ìwé síwájú máíkì ni. Ojú kò sí níbẹ̀. Bí ọba bá wọlé, etí ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọba ni. Bí ìyàwó bá ń bínú tí kò sọ̀rọ̀, etí ló gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ó dákẹ́. A máa ń pa ẹ̀rọ amúlétutù kí kíkùn rẹ̀ má baà wọnú eré, yàrá náà a gbóná bí ààrò, òógùn a máa kán sórí ìwé títí lẹ́tà á fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn. A kì í ṣí ìwé, nítorí máíkì ń gbọ́ ọ. Ńṣe ni a ń jẹ́ kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan rọra yọ́ bọ́ sórí ẹní. Òjò wa, àgbàdo gbígbẹ ni, tí ọmọ kan ń dà díẹ̀díẹ̀ sórí páànù tí a dà dẹ̀gbẹ́. Ọ̀sà Nokoué wà nínú bàsíà kan, igbá kan ni ọkọ̀ ojú omi. Iná tó jó ilé ọ̀tá nínú eré mi kan, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di súwíìtì ni, èmi ni mo ń fún un mọ́lẹ̀ létí máíkì. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan dá mi dúró ní ọjà Dàntọ́kpá, ó ní òun dìde lọ wo ààrò òun torí òun rò pé ilé òun ló ń jó.

Irú ẹ̀kọ́ tí mo gbé wọ fíìmù nìyẹn. Fíìmù tí mo ń ṣe, fíìmù òótọ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní dọkumẹ́ńtárì: kò sí òṣèré níbẹ̀, ẹni tí ẹ rí ni ẹni tó jẹ́. Nígbà tí mo lọ bá àwọn ìyá tó ń se iyọ̀ ní Djègbadji, lẹ́bàá Wídà, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ n kò yọ kámẹ́rà nínú àpò. Mo jókòó, mo ń gbọ́. Wọ́n á ha ilẹ̀ oníyọ̀, wọ́n á rọ omi gba inú rẹ̀ nínú agbọ̀n, wọ́n á gbé omi náà kaná. Ìyá àgbà kan kọ ẹ̀yìn sí ìkòkò rẹ̀, ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà lórí owó àjọ, lójijì ló na ọwọ́ sẹ́yìn, ó yọ igi kan nínú iná. Kò wò ó. Ohùn omi náà ló yí padà, ó ti kúrò ní híhó, ó ti ń ta pàrà-pàrà. Ọjọ́ kẹta ni mo tó gbé kámẹ́rà, mo sì mọ ibi tí mo máa gbé e kọjú sí: ẹ̀yìn ìyá náà àti ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣe eré rédíò ni, ojú rẹ̀ ni ǹ bá yà.

Ẹni tó ṣíwájú gbogbo wa lọ́nà yìí, ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Wọ́n bí Paulin Soumanou Vieyra síbẹ̀ ní 1925. Ó lọ sí ilẹ̀ Faransé ní ọmọdé, ó sì di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí ní IDHEC, ilé ẹ̀kọ́ gíga fíìmù wọn ní Párísì. Ilé ló fẹ́ wá ya. Ṣùgbọ́n òfin kan ti wà láti 1934, òfin Laval, tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso láìgba àṣẹ, wọn kò sì fún un láṣẹ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá yí kámẹ́rà sí àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Párísì, bí Afrique-sur-Seine ṣe jáde nìyẹn ní 1955. Lẹ́yìn òmìnira, Sẹ̀nẹ̀gàl ló lọ sìn: òun ló darí fíìmù ìròyìn ìjọba níbẹ̀, òun ló dúró ti ayafíìmù Sembène Ousmane lẹ́yìn, òun ló kọ ìwé ìtàn fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà tó jáde ní 1975. Ó kú ní 1987. Ìwé àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lónìí ní Yunifásítì Indiana, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ọmọ ilé ìwé tó bá ń gbé lẹ́bàá ilé tí wọ́n bí ọkùnrin yẹn sí, ibo ló máa gbà dé Indiana?

Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, nítorí ní ọdún mẹ́rin ṣáájú òfin yẹn, wọ́n ti ya wá. Ní 1930, Fadá Francis Aupiais àti ayàwòrán Frédéric Gadmer wá sí Dàhòmì, bí orílẹ̀-èdè wa Benin ṣe ń jẹ́ nígbà náà; olówó kan ní Párísì, Albert Kahn, ló náwó rẹ̀. Wọ́n ya ọdún òrìṣà, wọ́n ya àwọn ìjòyè, wọ́n ya ọmọ ìjọ. Fíìmù wọ̀nyẹn wà títí di òní ní ilé àkójọ tó ń jẹ́ orúkọ Kahn ní Boulogne-Billancourt, wọ́n sì pàtẹ àwọn àwòrán àti fíìmù yẹn fáráyé níbẹ̀ láàárín 2022 sí 2023. Mo ti wo díẹ̀ nínú wọn. Àwọn bàbá wa ń jó, ọwọ́ ń lu ìlù, ẹnu ń mì, ẹnì kan tilẹ̀ yíjú sí kámẹ́rà ó sọ nǹkan kan, ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ohùn. Fíìmù tí wọ́n yà yẹn kì í sọ̀rọ̀. Mo ń wo ètè ọkùnrin náà bí adití, mo ń yí i padà sẹ́yìn, mo tún ń wò ó, bóyá màá lè dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀.

Àwọn tó wá yà wá ní 1930 kò gba ohùn mọ́ àwòrán. Àwa gba ohùn sílẹ̀, a sì nu ún.

Inú gbogbo wa ló dùn ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ìṣúra 26 tí ọmọ ogun Faransé lábẹ́ Ọ̀gágun Dodds kó láàfin Abomey ní 1892 balẹ̀ sí Kútọnu. Èmi náà tò lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní Palais de la Marina níbi tí wọ́n pàtẹ wọn sí, mo rí ìtẹ́, mo rí ère Ọba Ghézo, mo sì rí ìyá arúgbó kan tó kúnlẹ̀. Ẹ ṣe ohun ńlá, ìtàn kò ní gbàgbé yín. Lẹ́yìn náà Mati Diop gbé fíìmù rẹ̀, Dahomey, lọ sí Berlin ní 2024, ó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbẹ̀, ọwọ́ wa dun nígbà tí a pàtẹ́wọ́. Ẹ rántí ohun tó ṣe nínú fíìmù yẹn. Ó fún ère Ghézo ní ẹnu. Òkùnkùn bo gbogbo ojú àwòrán, a kò rí nǹkan kan, ohùn kan sì ń sọ̀rọ̀ ní èdè Fọ̀n láti inú òkùnkùn, ó ń sọ bí wọ́n ṣe sọ òun di nọ́ńbà. Mo fò dìde lórí ìjókòó mi. Eré rédíò nìyẹn! Ohun tí a ti ń ṣe nínú yàrá gbígbóná yẹn, tí wọ́n ń fi ìkéde òkú bò mọ́lẹ̀, òun ló ń mú gbogbo ayé dákẹ́ ní Berlin.

Ṣé ẹ ò rí i pé ohùn tí a fi sí ère lẹ́nu, a gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀ ni, torí pé kò sẹ́ni tó gba ohùn Ghézo sílẹ̀? Ṣùgbọ́n ohùn ìyá alákàsà wà. Ohùn àwọn òpìtàn Kétu wà, ohùn àwọn ará Sàkétẹ́ wà, ti Ìdáàṣà, ti Ṣábẹ̀ẹ́. Ó wà lórí téèpù tó ń wó lulẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fọwọ́ ra téèpù mi yẹn, eruku pupa ló máa wà ní ìka yín. Eruku yẹn gan-an ni ohùn náà.

Àwọn kan á sọ pé eré tó bá dára máa wà nínú ìwé. Jean Pliya kọ eré Kondo le requin nípa Ọba Béhanzin, ó gba ẹ̀bùn ńlá lórí rẹ̀ ní 1967, ó sì tọ́ sí i. Èmi náà kà á. Ṣùgbọ́n Faransé ni, ìwé ni. Eré tí a ṣe ní Nàgó, ní Fọ̀n, ní Bàríbá, kò ní ìwé mìíràn lẹ́yìn téèpù rẹ̀. Ìyá alákàsà yí ọ̀rọ̀ mi padà lẹ́nu rẹ̀, tirẹ̀ ló dára jù, tirẹ̀ kò sì sí lórí bébà kankan. Ti fíìmù náà ò sì jìnnà sí i. Pascal Abikanlou tó ṣe fíìmù gígùn Sous le signe du vaudou ní 1974, dọkumẹ́ńtárì ló ti kọ́kọ́ ń ṣe, ó ya Ganvié, ìlú orí omi, kí gbogbo ayé tó máa wá fi fóònù yà á. Mo bi ogún ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ yìí pé ta ló ti wo fíìmù rẹ̀ kankan. Kò sí ẹni tó nawọ́.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ ààfin. Rithy Panh, ẹni tó ń ṣe dọkumẹ́ńtárì ní Kàǹbódíà, tí ìjọba apààyàn Khmer Rouge gba ẹbí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣí ilé kan sílẹ̀ ní Phnom Penh ní 2006, Bophana lorúkọ rẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀dà fíìmù àti ohùn ilẹ̀ wọn tó wà káàkiri ayé jọ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wọlé, kó jókòó, kó gbọ́ ohùn àwọn ìyá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dà ni mo fẹ́: Indiana lè pa ìwé Vieyra mọ́, Boulogne lè pa fíìmù Aupiais mọ́, kí wọ́n ṣáà fún wa ní ẹ̀dà tí ọmọ Àjàṣẹ́ àti ọmọ Abomey lè wò láìgba físà. Ẹ̀yin tí ẹ gba ìtẹ́ padà lọ́wọ́ Faransé, ẹ̀dà kò lè nira fún yín láti gbà.

Ti ilé tiwa ló kán jù. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń so téèpù tó já, tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí èyí tó ti lẹ̀ pọ̀ jọ̀wọ́ ara wọn, wọ́n ti fẹ̀yìntì, àmọ́ wọ́n ṣì wà láàyè. Mo mọ mẹ́ta nínú wọn. Ọ̀kan ń ta ẹja ní Akpakpa. Ẹ pe wọ́n padà fún ọdún méjì, ẹ fún wọn ní yàrá kan tí òjò kò wọ̀, kí wọ́n da ohùn náà kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sí i: òǹkọ̀wé, òṣèré, ọmọ tó ń da àgbàdo sórí páànù. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní oṣù kẹrin 2006 ti fún wa ní orúkọ wa àti owó iṣẹ́ wa. Mo ti gbọ́ eré mi lórí afẹ́fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láìgbọ́ orúkọ mi, mo sì fara dà á. Èyí tí n kò lè fara dà ni pé kí ọmọ ìyá alákàsà máa gbọ́ ohùn tí kò ní orúkọ.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ohùn àti àwòrán àtijọ́ lágbàáyé. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n nu téèpù kan sí i. Kí ọjọ́ yẹn sì tó pé, ẹ jẹ́ kí a lo ohun tí rédíò wa mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Ìkéde. Gbogbo ilé ló ń dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ka ìkéde òkú. Ilé bàbá mi náà ń dákẹ́. Ẹ bá mi ka èyí láàárín wọn, ní Yorùbá, ní Fọ̀n, ní Gùn, ní Ajá, ní Bàríbá, ní Dẹndi. Mo ti kọ ti Yorùbá, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi bí ẹ bá ní kí n san án:

"A ń fi tó gbogbo ará Pọ́bẹ̀, Kétu, Sàkétẹ́, Ìlárá, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu létí pé a ń wá ohùn àwọn ènìyàn wa. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì eré tàbí ìtàn tí ó gbà sílẹ̀ lórí rédíò nígbà kan rí, ì báà já, ì báà ti hu, kó jọ̀wọ́ gbé e wá. A ó da ohùn inú rẹ̀ kọ, a ó sì dá kásẹ́ẹ̀tì yín padà fún yín. Ẹ má tíì tilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn wà lọ́nà."

Èmi ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Òǹkọ̀wé eré rédíò kan tó tún ń ya fíìmù,
Gbégàmẹ́, Kútọnu.